Ta Ló Fàmì sí Oloko?

Ọjọ́ tí Ayàwòrán kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé wọn, orí ìdúró ló bá Alámì. Orí ìdúró kọ́ o, orí ìrìn ni. Ọmọbìnrin yìí kì í jókòó. Bó bá ń dúró de ẹ̀rọ kó parí iṣẹ́, á rìn dé ojú fèrèsé, á padà, á tún bébà tó ti tò láàárọ̀ tò. Bàbá rẹ̀ tó ni ilé ìtẹ̀wé náà máa ń sọ pé ó jọ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ló ń ronú fún un.

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Alámì kò pamọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá níwájú rẹ̀ láìní àmì ohùn lórí. Kódà bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, ó ti fi pẹ́ńsù fàmì sí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. Ó gbé nǹkan kan mọ́ àyà nínú àpò ìrọ̀rí.

"Ẹ kú àbọ̀, sà. Kí la lè bá yín ṣe?"

Ó tú àpò náà. Ìwé ńlá kan ló jáde, igun rẹ̀ ti jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó.

"Ṣé kí a tún un dì ni?"

"Rárá. Kí ẹ tún un tẹ̀ ni. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

Alámì ṣí i. Ojú ewé kan, ẹnì kan: àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀, agbára rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀tá rẹ̀, láti A títí dé Y. Àwọn ẹni inú kọ́míìkì ọmọdé kan ni, kọ́míìkì náà sì ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ta ni yóò ra èyí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, ṣebí á wò ó lórí fóònù."

"Wọn ò sí lórí fóònù. Mo ti wá wọn tì." Ó fọwọ́ tẹ́ ojú ewé náà. "Kọ́míìkì náà kì í dé àdúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìwé yìí nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ gbogbo wọn, mi ò ka ìtàn wọn rí. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, mi ò mọ ohun tó fa ìjà. Èmi ni mo ń ro ó fúnra mi. Bí mo ṣe di ayàwòrán nìyẹn."

Ó sọ ọ́ láìtijú rárá. Ọ̀rọ̀ náà wọ Alámì lára. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fa àga, ó jókòó.

Bàbá ní tirẹ̀ kò fi bò. "Iṣẹ́ àṣedànù ni. Ẹ̀dá tí kò gbé ilé ayé rí, tí kọ́míìkì rẹ̀ tún ti kú, ẹ ní kí á jí i dìde kó lè ṣe kí ni? Bí o bá máa ṣe é, lẹ́yìn iṣẹ́ ni o. Má fi dí ẹ̀rọ mi lọ́wọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ì bá yá bí wọ́n bá gé ẹ̀yìn ìwé, kí ewé rẹ̀ lè dùbúlẹ̀ dáadáa lórí ẹ̀rọ tó ń yà á sínú kọ̀ǹpútà. Ayàwòrán fárí gá. Ó ní ọ̀bẹ kankan kò ní kan ìwé òun. Nítorí náà, ẹnì kan á tẹ ewé mọ́lẹ̀, ẹnì kejì á yà á. Ọwọ́ á kan ọwọ́. Ẹni tó yẹ kó tètè gbé ọwọ́ tirẹ̀ kúrò, kò ní tètè gbé e.

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o", tí "sà" fi bọ́ sọnù. Alámì di "Alámì mi". Àríyànjiyàn wọn ò tán, àmọ́ àríyànjiyàn tó ń dùn ni.

"Ó yẹ ká fẹ ojú ewé yìí," Alámì á wí. "Lẹ́tà rẹ̀ kéré. Gbogbo ẹni tó kà á nígbà náà ló ti ń lo awò báyìí."

"Bó ṣe rí lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ kó rí, ìyàwó... àní, Alámì mi."

"Ìyàwó ta ni?"

"Ahọ́n mi ló yọ̀."

Alámì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti kọ ọkùnrin méjì rí, kì í ṣe torí pé ìwà wọn burú, ara rẹ̀ ni kò balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin yìí ló fẹ́. Ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹní mọ ebi. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ọkùnrin náà kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. "Ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé báyìí, á tọ́jú ènìyàn." Bàbá ní irọ́ ni, ó ní ẹni tó ń ka ìwé ọmọdé tí irùngbọ̀n fi hu, òun gan-an la ó máa tọ́jú.

Wàhálà dé lábẹ́ lẹ́tà O.

Orúkọ tó wà lókè àwọn ewé náà ti ṣá, Alámì ló sì ń tún wọn kọ. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi tẹ ìwé náà kò ní àmì, ì báà ṣe lórí, ì báà ṣe nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Alámì ṣe ń kọ ọ́ ló ń fàmì sí i. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀.

Nígbà tí Ayàwòrán gba àwọn ewé àkọ́tẹ̀ kó yẹ̀ wọ́n wò, ó dúró lórí ọ̀kan, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan tó kọ̀yìn sí ni ló wà nínú àwòrán náà, ó da aṣọ bo orí, koríko wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́, OLOKO ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ta ló fàmì sí i?"

"Èmi ni. Olóko. Ṣé o ò rí koríko ni?"

"Ọlọ́kọ̀ ni. Ka ìsàlẹ̀: 'Ota re: gbogbo eni ti o ba di ona.' Ta ní í bá ẹni tó dí ọ̀nà jà bí kì í bá ṣe ọlọ́kọ̀?"

"Abẹ́ O ló wà."

"Ìwé náà ò mọ O yàtọ̀ sí Ọ!"

"Ó dáa, màá yí i sí Ọlọ́kọ̀. Ṣé ìyẹn ló tó ìjà?"

Ọkùnrin náà mi orí. "Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Kì í gbélé. Èmi ní ọlọ́kọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọlọ́kọ ni, pé ìyàwó ilé kan ló daṣọ borí tó ń wá ọkọ rẹ̀ kiri. A jà títí ìyá wa fi gba ìwé lọ́wọ́ wa. Kọ́míìkì náà kú kí ìtàn Oloko tó jáde. Ibòmíràn ò sí tó wà àfi inú ìwé yìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó wá ku ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin. Alámì gbọ́ ọ. Ọkùnrin tó ti ń pè é ní "ìwọ" ti padà sí "ẹ̀yin", bí ẹni tó ń bá ọ̀gá báńkì sọ̀rọ̀. Ó dùn ún wọ egungun, inú sì bí i.

"Àṣìṣe ni mo ṣàtúnṣe! Ìwé tí a ò lè kà, kí la fẹ́ tún un tẹ̀ fún?"

"Ẹ ṣeun." Ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ṣé mo wí àbí mi ò wí?" ni Bàbá sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ara Alámì kò gba ìjókòó, kò gba ìdúró. Á gbé fóònù, á gbé e sílẹ̀. Á jáde bí ẹni ń lọ sí ibì kan, á yí padà ní ìkóríta. Ó fàmì sí ìwé ìpolówó oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọmọ mi." Alámì ní òun ti gbọ́, ó sì tún jáde.

Ìgbà tó yá, fóònù dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Ayàwòrán ni, láìní àmì kankan:

"Mo fe fe e. Ki lo ri si?"

Ohun tí Alámì kọ́kọ́ rí ni "lo". Kì í ṣe "le". Ó ti sọ "ẹ̀yin" kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rí ìyókù. Bó bá jẹ́ ìwé ló ń sọ, a jẹ́ pé "mo fẹ́ fẹ̀ ẹ́" ni, ó ti gbà kí wọ́n sọ lẹ́tà di ńlá. Bí kò bá sì jẹ́ ìwé ńkọ́? Etí rẹ̀ gbóná. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sórí bébà, ó fàmì sí i, ó pa á rẹ́, ó tún fi òmíràn sí i, ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Níkẹyìn ó gbé fóònù fún Bàbá.

"Fẹ̀ ẹ́ ni," Bàbá wí. "Ìwé ló ń sọ. Ọkùnrin gidi wo ló ń ti orí fóònù tọrọ ọmọ?"

Ìyá já fóònù gbà. "Fẹ́ ẹ ni! Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tèmi sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ̀rọ̀?"

Ẹlẹ́rọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ yọjú. "Bóyá tíì ló ń mu. Ó gbóná, ó fẹ́ fẹ́ ẹ kó tutù."

"Jáde níbí!" ni tọkọtaya náà sọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún dojú kọ ara wọn.

Alámì ń wò wọ́n. Ẹ̀rín pa á, lẹ́yìn náà ẹ̀rín dá. Báyìí gan-an ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn ṣe jà lórí Oloko. Ohun tó wà lọ́kàn kálukú ló ń kà. Bàbá fẹ́ kí ọmọ òun ṣì wà nílé, ìwé ló rí. Ìyá fẹ́ kó nílé tirẹ̀, ọkọ ló rí. Òun wá fi àmì kan ṣoṣo gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ ẹlẹ́ni. Ojú tì í.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń yọ àmì náà láti orúkọ dé orúkọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀, ó ń fipá mú un. Nígbà tó tẹ ewé Oloko jáde, ó fi sínú páálí, ó gba ilé Ayàwòrán lọ.

Yàrá òkè ni ọkùnrin náà ń gbé, tábìlì kan, pẹ́ńsù káàkiri, àwòrán tí kò tíì parí lára ògiri. Ó gba ewé náà, ó gbé e sójú fèrèsé.

"O yọ ọ́."

"Mo yọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá rà á, kó ka tirẹ̀. Má bínú sí mi."

Ó gbé ewé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ṣé o rí àtẹ̀jíṣẹ́ mi? Báwo lo ṣe kà á?"

"Bàbá mi ní ìwé ni. Ìyá mi ní èmi ni. Ẹlẹ́rọ wa ní tíì ni."

Ayàwòrán rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ìwọ alára ńkọ́?"

Ẹsẹ̀ Alámì dúró sójú kan. "Mo kà á lọ́nà méjèèjì. Fẹ̀ ẹ́, lẹ́tà rẹ̀ kéré. Kí o sì fẹ́ mi."

Ọkùnrin náà mú fóònù rẹ̀. "Ìwé ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́," ó wí. "Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ohun tí mo ti ń wá ẹnu sọ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Mo dijú, mo fi ránṣẹ́."

Bàbá kò sọ pé òun gbà o. Lọ́jọ́ tí Ayàwòrán àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rí i, ṣe ló kàn ń ṣí ìwé àkọ́tẹ̀ náà kiri bí ẹni tí kò bìkítà. Ó dé abẹ́ O, ó dúró, ó sún awò rẹ̀ sókè.

"Ọlọ́kọ́ ni eléyìí," ó wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé ó mú ọkọ́ pamọ́ sábẹ́ aṣọ ni?"

"Ọlọ́kọ ni, sà," ni ẹ̀gbọ́n náà dáhùn kíá.

Wọ́n jà á títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Bàbá ní kí wọ́n gbé ìwé náà sórí ẹ̀rọ ńlá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó ṣáájú gbogbo iṣẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé yẹn náà ló tẹ káàdì ìgbéyàwó wọn. Ẹlẹ́rọ gbé àkọ́tẹ̀ rẹ̀ wá, ó ń fẹ̀rín pamọ́. "Alámì, ṣé a ó fàmì sí èyí, àbí ká fi í sílẹ̀ bíi ti Oloko?"

Alámì gba pẹ́ńsù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ayàwòrán, ibi tí wọ́n kọ "oko" sí, ó fàmì sábẹ́ o méjèèjì, kò fi nǹkan kan sórí wọn.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa ka èyí," ó wí.

Ó fa àga rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó jókòó tì í títí ó fi tẹ̀ wọ́n tán.