Má Fọwọ́ sí Ìwé Ọkọ̀ Tí Àyè Orúkọ Rẹ̀ Ṣófo

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti rán ìlà kẹta dé àárín. Ó ń gún abẹ́rẹ́ ńlá wọ inú tapólì òrùlé ọkọ̀, ó ń fi awọ tó wé mọ́ àtàǹpàkò tì í, ó sì ń fi ẹ̀mú fà á jáde lódì kejì. Ogójì ọdún ló ti fi ń rán ìjókòó àti òrùlé ọkọ̀ fún àwọn oníbàárà. Èyí nìkan ni ti ara rẹ̀.

Ọkọ̀ eré pupa ni, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí èèyàn lórí. Ọkọ rẹ̀ ló rà á lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé àgbàlagbà méjì ń ṣe eré ọmọdé. Baba náà a ní, "Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ló ra mọ́tò fún wa?" Ó ti pé ọdún méjì tó ti kú. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti wà nínú gáréèjì, eku sì ti jẹ òrùlé rẹ̀ lójú méjì.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà lókè òkun. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè ohun tí òun yóò ṣe sí ọkọ̀ náà, ó kọ̀wé ránṣẹ́ pé, "Ẹ tà á, Màámi." Kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ kò fẹ́ tà á. Ó fẹ́ fi í ta ẹgbẹ́ aláàánú kan lọ́rẹ, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò lè fẹsẹ̀ rìn. Kò rí ìdí tí ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ yóò fi jókòó máa dípẹtà.

Fóònù dún. Ó ti mọ ẹni tó ń pè.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Ọmọ yín ni o. Orúnkún yẹn ńkọ́?"

"Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun."

"Màámi, iṣẹ́ ò ní tán láyé o. Ẹ lọ jẹun ná, màá dúró."

Ó sì dúró lóòótọ́. Ìyá Alábẹ́rẹ́ gbé fóònù sórí tábìlì, ó ń jẹ búrẹ́dì, ọkùnrin náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹun tán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti ń pè é lójoojúmọ́. Inú ìwé pélébé kan tí wọ́n tì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ni Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti rí nọ́ńbà rẹ̀ tó fi kọ́kọ́ pè é. Ó ní ẹgbẹ́ aláàánú náà ló ń rán òun kiri láti gba ọkọ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ kò rí ojú rẹ̀ rí.

"Màámi, aago mẹ́rin òní la ń bọ̀ wá gbé e. Ìwé ọkọ̀ yẹn, ẹ fọwọ́ sí i níbi tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń fọwọ́ sí, kí ẹlẹ́rìí kan náà fọwọ́ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó gbà á, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, àwa la máa kọ ìyókù."

Ẹlẹ́rìí ló wá di ìṣòro. Ó ronú títí, ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: baba tó ń gbé ilé tó kángun sí tirẹ̀. Akọ̀wé ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì.

Akọ̀wé ń kun géètì rẹ̀ nígbà tó débẹ̀.

"Ìyá Alábẹ́rẹ́. Ṣé ilé ń jó ni?"

"Kí ló máa jó ilé?"

"Ọdún méjì ni mo ti ń kí yín látojú fèrèsé, ẹ ò yà sọ́dọ̀ mi rí. Mo ní ó ní láti jẹ́ iná."

"Ìwé ni mo mú wá. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

Akọ̀wé nu ọwọ́, ó fi awò sójú. Ó ka ìwé náà níwájú, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dá a padà fún un.

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

"Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín. Ta ni mo fẹ́ jẹ́rìí pé ẹ gbé ọkọ̀ fún? Àyè yìí ṣófo."

"Àwọn ló máa kọ ọ́."

"Bí oníbàárà bá ní kí ẹ gé awọ ìjókòó, tó ní kí ẹ má wo ọkọ̀, kí ẹ má wọn nǹkan kan, ṣé ẹ máa gé e?"

"Orí mi ò dàrú."

"Ẹ ṣeun. Irú rẹ̀ nìyí." Akọ̀wé tẹ ìka mọ́ àyè tó ṣófo náà. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó ti irú ìwé yìí. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lè tà á fún ẹlòmíì lónìí, kí ìyẹn náà tún un tà lọ́la, kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Lójú ìjọba, ẹ̀yin lẹ ṣì ni ín. Tíṣà kan ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n fi ọkọ̀ ọ̀hún gbá èèyàn, awakọ̀ sá lọ. Ilé tíṣà làwọn ọlọ́pàá gbà lọ. Ó ní òun ti fi ọkọ̀ náà ṣàánú. Wọ́n bi í pé, 'Ta lo ṣàánú fún?' Kò rí orúkọ kankan dá."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ká ìwé náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

"Èèyàn rere ni ọmọ náà. Òun nìkan ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun."

Akọ̀wé gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ó lè jẹ́ èèyàn rere. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà ò jìnnà, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà. Ẹ má lo nọ́ńbà tó fún yín. Ẹ lọ bi wọ́n fúnra yín."

"Mo mọ ibẹ̀."

"Kí ló wá ń dá yín dúró látọjọ́ yìí?"

"Bí mo bá débẹ̀, tí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, ta ló máa pè mí lọ́la?"

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ náà."

Ó lọ. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀ wo ìwé pélébé náà, ó mi orí.

"Màmá, a kì í ti ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, a kì í sì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láìfún un ní lẹ́tà. Ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta ẹni tó mú un wá lóṣù yìí."

"Ṣùgbọ́n ẹ máa ń gba ọkọ̀?"

"A máa ń gbà á. A ò ní wà á o, torí kò sí ibi tí àga onítáyà á wọ̀ nínú ọkọ̀ ìjókòó méjì. A máa tà á ni, ká fi owó rẹ̀ ra àga fáwọn ọmọ."

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní kí wọ́n fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wọn han òun. Obìnrin náà nawọ́ sí ògiri. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dúró síwájú rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ti padà délé nígbà tí aago mẹ́rin lù, fóònù sì dún.

"Màámi, a ti wà lójú ọ̀nà."

"Ẹ má wá sílé mi. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni màá gbé e lọ lọ́la, aago mẹ́wàá. Pàdé mi níbẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ò fọkàn tán ọmọ yín mọ́?"

"Mo fẹ́ fọkàn tán ọ. Ìdí tí mo fi ní kó o wá nìyẹn."

Ọkùnrin náà gé ìpè náà. Ìyá Alábẹ́rẹ́ pè é padà lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, sórí ìjókòó tó máa ń jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ń wà á. Kò sí ohun tó ń dún nínú ilé. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó mú abẹ́rẹ́, ó sì rán ìlà tó kù. Kó tó ṣú, ó ti kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sínú àyè tó ṣófo, Akọ̀wé sì ti fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó ká òrùlé sẹ́yìn, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ. Ó dé kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà títí aago mẹ́wàá kọjá dáadáa, kó tó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò gbígba ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, oore ṣíṣe kò ní kí èèyàn má béèrè ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ tọrẹ, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ sì rí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí orúkọ ẹni tó ń gbà á kò tíì sí nínú rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ tú nọ́ńbà ọkọ̀ yín kúrò lára rẹ̀ bí òfin bá ní kí ẹ tú u, kí ẹ sì fi tó ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an. Oníjìbìtì kì í kọ́kọ́ béèrè ọkọ̀. Àlàáfíà ara yín ló máa kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá mọ àgbàlagbà kan tó ń dá gbé, ẹ kàn sí i kí oníjìbìtì tó kàn sí i.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ fi sípánà tú nọ́ńbà iwájú, ó tú ti ẹ̀yìn. Ó kó àwọn ìwé àti awò ojú ọkọ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, ó gba rìsíìtì, ó kà á, ó fi í sínú àpò.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ wa gbé yín délé."

"Ẹ má ṣèyọnu. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi."

Ìrìn ogójì ìṣẹ́jú ni. Ó ki nọ́ńbà méjèèjì sábẹ́ apá, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.