Àgọ́ Tó Kọjú sí Ọ̀gbun

Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé gun òkè láti lọ wo bí oòrùn ṣe ń yọ. Oòrùn yọ lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ló bá a, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́.

Sájẹ́ńtì tó kọ́kọ́ débẹ̀ kò fi àkókò ṣòfò lórí ìrònú, nítorí kò ní in. Ó rí àgọ́ olóògbé ní bèbè ọ̀gbun, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí òfìfo. Ó ní ọkùnrin náà jí, ó jáde, ó ṣubú. Ta ló pàgọ́ fún òun, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀? Atọ́nà tó mú wọn gòkè ni. Ó fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí Atọ́nà lọ́wọ́, ó sì jókòó sórí àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe bá wọn nìyẹn. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kò fẹ́ràn òkè. Kò fẹ́ràn àwọn tó ń gùn ún rárá, àwọn tí oòrùn ń yọ lójú fèrèsé wọn lójoojúmọ́ tí wọn kì í ṣí aṣọ fèrèsé, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹsẹ̀ wọn.

Kùrukùru ṣì bo òkè. Ìrì rin koríko gbingbin. Ó wo àwọn àgọ́ náà yíká. Mẹ́ta kọjú sí ìlà-oòrùn. Ti olóògbé nìkan ló kẹ̀yìn sí i.

"Ìwọ lo pàgọ́ yìí síbí?"

"Rárá, mà," Atọ́nà ní. "Àárín ni mo pa gbogbo wọn sí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí ẹ̀bá bèbè. Ẹ ṣàánú mi, mà. Tí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ìyá mi ò lẹ́lòmíì."

"Irọ́ ló ń pa!" Àbúrò olóògbé ló sọ̀rọ̀, òun náà ni igbákejì ọ̀gá nílé-ìwé ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, ó sì ráyè ya irun. "Ojú mi ló ṣe. Ìrọ̀lẹ́ àná, ibí yìí gan-an ni àgọ́ bọ̀ọ̀dá mi wà. Iwájú ẹ̀ la jókòó sí tá a jọ mu tíì. Mo ní ibí yìí léwu. Òpè yìí ló ní kò séwu."

Ó sọ "òpè" bí ẹni tutọ́.

Ìyá Ìbéèrè yíjú sí ìyàwó olóògbé. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Orí ń fọ́ mi. Mo ti sùn kí wọ́n tó pàgọ́ tiẹ̀. Ó máa ń han-run, ìdí tá a fi sùn lọ́tọ̀ nìyẹn."

"Ẹ ò sunkún."

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi bẹ̀ ẹ́ pé ká jọ lọ síbì kan. Ó ní òun ò ráyè. Àbúrò ẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ẹrù."

Sájẹ́ńtì wú ikọ́. "Mà, obìnrin tí kò bá sunkún ọkọ ẹ̀..."

"Dákẹ́. Tú àgọ́ yẹn."

Ó fa èèkàn tu, ó gbé àgọ́ kúrò. Koríko abẹ́ rẹ̀ nà ró, ìrì sì wà lórí rẹ̀ bíi ti ibi gbogbo.

"Koríko ni, mà."

"Mo mọ̀ pé koríko ni." Ó yíjú sí Atọ́nà. "Níbo lo pa á sí?"

Atọ́nà fi àgbọ̀n júwe ibẹ̀. Láàárín àgọ́ ìyàwó àti ti Igbákejì, koríko kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbẹ, ihò èèkàn sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá Ìbéèrè pe Igbákejì. Kò lo "ẹ̀yin" fún un mọ́.

"Ìrì kì í sẹ̀ sábẹ́ àgọ́. Ibí gbẹ, ibẹ̀ tutù. A jẹ́ pé ibí ni àgọ́ wà títí ìrì fi sẹ̀ tán; ìdájí òní ni wọ́n gbé e. Ìwọ wá rí i níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná, o tún mu tíì níwájú ẹ̀."

"Bóyá mo ṣì í rí ni..."

"Ṣé o ṣì í mu náà ni? Ẹni tó wá wo oòrùn kì í kẹ̀yìn àgọ́ sí i. Ìwọ lo yí i, kó lè dà bíi pé inú ọ̀gbun ló jáde sí. Ọlọgbọ́n àṣejù."

Igbákejì jókòó sínú ìrì.

"Ayédèrú ni ìwé ẹ̀rí mi," ó ní. "Bọ̀ọ̀dá mi rí i. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́ níwájú àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé, àwọn á dárí jì mí. Níwájú àwọn tí mò ń pè ní olódo lójoojúmọ́! Wọn á fi mí rẹ́rìn-ín. Mo jí bọ̀ọ̀dá mi ní ìdájí, mo ní mo gbọ́ ohùn èèyàn nísàlẹ̀, kí wọ́n wá bá mi wò ó. Mo tì wọ́n. Mo wá gbé àgọ́ wọn débẹ̀. Atọ́nà lásánlàsàn, ta ni ì bá gbà á gbọ́?"

"Torí ẹ̀rín," Ìyá Ìbéèrè ní. Ó ń wò ó bí ohun tó lẹ̀ mọ́ni ní bàtà.

"Ó fẹ́ dárí jì ọ́?" Ìyàwó olóògbé ló bèèrè. "Ọkọ mi? Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe." Ìgbà yẹn ni ẹkún gbà á.

Sájẹ́ńtì tú Atọ́nà sílẹ̀, ó fi irin náà sí ọwọ́ Igbákejì. Kò bẹ Atọ́nà. Ojú kò tiẹ̀ tì í.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀, ó tóóró, ó sì ń yọ̀. Sájẹ́ńtì kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ká má tíì sọ ẹlòmíràn. Níbi tó há jù, Igbákejì wo ìsàlẹ̀. Ó dúró.

Atọ́nà padà, ó na ọwọ́ sí i. Àpá ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ṣì pọ́n lọ́rùn ọwọ́ náà.

"Ẹ tẹ ibi tí mo bá tẹ̀, sà," ó ní.

Igbákejì wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀gbun. Ó di ọwọ́ náà mú.