Ìdérí Táǹkì Katakata Bàbá

Ẹsẹ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n pè wá ni Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ rí. Méjèèjì yọ síta lábẹ́ katakata bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, okùn bàtà kan sì tú sílẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì náà jáde, epo dúdú ti kùn ún lójú bí ẹni lé tìróò. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kì í kánjú.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kọjá ẹ̀rín. Katakata náà á dáhùn, á tulẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì kú. Ìyá Àbíkẹ́yìn ti ní bó bá di Sátidé tí kò ṣiṣẹ́, òun á tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọmọ rẹ̀ ń gbé ẹkún mì, torí nǹkan tí bàbá fẹ́ràn jù nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ fi wá ohun tó ń ṣe é. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo, ó lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Bí Àbíkẹ́yìn ṣe ń na sípánà sí i, ni wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ìfẹ́ sì ń yọ́ wọlé.

"Ẹ má parọ́ fún mi," Àbíkẹ́yìn ní. "Ṣé ó ti kú pátápátá ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ fún mi dọ̀la."

Láàárọ̀ Sátidé, ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí àwọn oníirin. Katakata tún kú. Táǹkì kún, epo tí bàbá rọ kẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí Jẹ́jẹ́ ò fi wo ìdérí rẹ̀ rí. Ó gun òkè wàyí. Náílọ́ọ̀nù ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n fi dì í pinpin. Bó ṣe tú u, táǹkì mí kanlẹ̀.

"Ta ló di èyí?"

"Èmi ni. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá. Mi ò fẹ́ kómi wọ nǹkan wọn." Ó bú sẹ́kún. "Àṣé èmi ni mo pa á."

"Ihò kékeré kan wà lára ìdérí yìí, ibẹ̀ ni táǹkì fi ń mí. Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, epo ò ní jáde. O ò pa á. Ìfẹ́ ló jẹ́ kó o dì í jù."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, Àbíkẹ́yìn sì gbọ́ ọ.

Ẹnjìnnì dáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó di ogún, ó di ọgbọ̀n. Ìyá dìde, ó fọwọ́ lé irin gbígbóná náà, ó ní kí wọ́n dá àwọn oníirin padà bí wọ́n bá dé.

"Màmá," Jẹ́jẹ́ ní, "ẹ jẹ́ kí n mú àwọn òbí mi wá kí yín."

"Ta ni wọ́n fẹ́ wá bá, ọmọ mi àbí katakata?"

"Ọmọ yín ni, mà. Bó bá gbà."

Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀, ó mú okùn bàtà Jẹ́jẹ́ tó ti tú láti ọjọ́ kìíní, ó ń dì í.

"Má dì í jù o," Jẹ́jẹ́ rọra sọ.

"Mi ò ní dì í jù mọ́," ó dáhùn, omi ṣì wà lójú rẹ̀. "Sọ fún wọn kí wọ́n tètè wá."