Orúkọ Nehemiah ní Ojú Ewé Kẹta

Obìnrin mẹ́rin ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà ní Itamaga lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn. Caroline wà níbẹ̀, ìyàwó Akínlolú, tí ó di opó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Oríyọmí wà níbẹ̀, àbúrò Akínlolú, tí ó jókòó sórí àga oníke bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Àràmídé wà níbẹ̀, ọmọ Festus, tí í ṣe ọmọ-ọmọ òkú. Fúnmbí sì wà níbẹ̀, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, tí ó ni kọ̀ǹpútà méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ó fi ń jẹun. Kò sí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ní òun náà wà níbẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Síbẹ̀, omi wà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà. Kò pọ̀, ìwọ̀n èyí tí yóò kán sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ọ̀sà bá dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àkókò ọyẹ́ ni, òjò kò sì tíì rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Fúnmbí fi àkísà nù ún. Kí ó tó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà, Caroline rí i pé omi náà ti tún wà níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìwé ètò ìsìnkú Akínlolú ni wọ́n wá gbà, igba ẹ̀dà. Ọ̀la ni ìsìnkú, ní abúlé wọn létí ọ̀sà, lọ́nà Agbowa. Fúnmbí fúnra rẹ̀ ló ti to ọ̀rọ̀ inú ìwé náà láti ọjọ́ Àìkú. Ó ti sọ ọ́ di PDF, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí Festus lórí fóònù. Gbogbo ẹbí ti kà á, wọ́n ní ó dára. Ó kù kí ó jáde lórí bébà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti wọ́.

Fúnmbí ṣí ìwé náà lójú wọn. Ó ṣí wẹ́rẹ́. Fọ́tò Akínlolú yọ pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Fúnmbí ní kí ẹ̀rọ máa tẹ̀. Ẹ̀rọ gba bébà kan wọlé, ó kùn, ó dákẹ́. Lójú kan náà ni áàpù tí wọ́n fi ń ka ìwé náà pa ara rẹ̀ dé, bí ẹni pa ilẹ̀kùn dé mọ́ àlejò. Bébà tí ó jáde funfun báláú. Fúnmbí mú un lọ́wọ́, ó tutù.

"Ó ti kú," ló wí.

Oríyọmí gbójú sókè. "Ta ló kú?"

"Áàpù ni, mà. Ẹ má bínú."

"Máa ṣọ́ ẹnu rẹ lọ́dọ̀ wa o jàre. Òkú kan ti tó wa."

Àràmídé rẹ́rìn-ín. Caroline kò rẹ́rìn-ín. Ojú ewé kẹta nìkan ni ọkàn rẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ tí Akínlolú fi sílẹ̀ sáyé sí lókè, ti àwọn ẹbí tó ti ṣáájú rẹ̀ kú sì wà nísàlẹ̀, Nehemiah sì ni orúkọ àkọ́kọ́ lókè. Ìjà ni Caroline jà kí orúkọ yẹn tó débẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí Nehemiah, àkọ́bí rẹ̀, wa ọkọ̀ jáde ní ìdájí láti lọ wo àwọ̀n, tí kò padà wálé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ lápá Ẹ̀pẹ́, tí ó ń fì láàárín ojúoró, sílípáàsì rẹ̀ méjèèjì sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí ẹni tó bọ́ bàtà kí ó tó wọ yàrá. Òun fúnra rẹ̀, wọn kò rí i.

Nínú ìdílé Akínlolú, bí omi bá gbé ẹnìkan lọ tí wọn kò rí òkú rẹ̀, aṣọ rẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n máa ń sin. Àwọn àgbà ní bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú aṣọ tútù ni yóò máa rìn kiri. Akínlolú fẹ́ ṣe é. Ó ti pe pásítọ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n Caroline kó gbogbo aṣọ ọmọ náà sínú àpótí, ó sì jókòó lé e lórí láti àárọ̀ títí di alẹ́, títí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. "Ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, kò kú," ohun tó ń wí nìyẹn. Ní ọdún kejì, ẹnìkan ní òun rí ọkùnrin kan tó jọ ọ́ ní Kútọnu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Caroline ń jẹ, tí ó ń mu, láti ìgbà náà wá.

Nítorí náà, nígbà tí Festus kọ́kọ́ to orúkọ àwọn ọmọ láìfi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún un, Caroline ní òun kò ní dúró ti pósí. "Ọjọ́ tí ẹ bá yọ ọmọ mi kúrò láàárín alààyè, ẹ ti sin ín nìyẹn. Ẹ máa wá ẹlòmíràn tí yóò ṣe opó yín." Festus bẹ̀ ẹ́, ó sì fi orúkọ náà sókè pátápátá.

Fúnmbí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó yọ wáyà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó dá a padà sí àyè rẹ̀. Ó tẹ ìwé ìdánwò ilé-ìwé kan jáde láti fi dán an wò. Ojú ewé méjìlá jáde geere. Ó yọ áàpù náà dànù pátápátá, ó fi dátà fóònù rẹ̀ gba òmíràn. Ó ní kí ẹ̀rọ tẹ ìwé náà bí ìgbà tí a bá ń tẹ fọ́tò, bóyá àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú. Pàbó ló já sí. Ìwé náà a máa ṣí, ṣùgbọ́n bó bá ti ní kí ó tẹ̀, ẹ̀rọ á kùn, áàpù á pa dé, bébà funfun kan á yọ jáde. Òórùn ẹrẹ̀ ọ̀sà sì ti ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀, òórùn àwọ̀n tí wọ́n ká jọ láìgbẹ.

Ó fi ìwé náà sínú fláàṣì, ó ní kí Àràmídé gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọláwuyì ní òdìkejì títì. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi padà dé.

"Tiwọn náà pa dé," ló wí. "Wọ́n ní kí n má gbé e wá mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi fláàṣì náà sínú kọ̀ǹpútà ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn ti tutù."

Oríyọmí pòṣé. "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ wọ̀nyí kò fẹ́ràn fìlà ẹ̀gbọ́n mi? Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé fìlà kò yẹ ẹ́."

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ ná," ni Caroline dá a lóhùn.

Fúnmbí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ìkíní jáde. Ìkejì jáde, tòun ti orin inú rẹ̀. Ìkẹta pa á dé. Ìkẹrin jáde. Ó padà síbi tí ó ti kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà, ó ń yọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kẹta láti mọ èyí tó ń fa wàhálà. Ó yọ Festus. Ó pa dé. Ó dá Festus padà, ó yọ àbúrò Festus. Ó pa dé. Ó yọ Nehemiah.

Ojú ewé náà jáde. Ó gbẹ, ooru ẹ̀rọ sì wà lára rẹ̀.

Fúnmbí to orúkọ ara rẹ̀ sí àyè Nehemiah, ó jáde. Ó pa á rẹ́, ó tún to Nehemiah síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Áàpù pa dé.

"Mà," ló wí jẹ́jẹ́, "ilẹ̀ ń ṣú lọ. Bí a bá fi sílẹ̀ láìsí orúkọ yẹn ńkọ́?"

Caroline dìde. "Sún díẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́."

Ìka kan ṣoṣo ló lò. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì omi. Ó parí rẹ̀. Fúnmbí ní kí ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ̀rọ kùn pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dákẹ́. Bébà funfun náà yọ, omi sì ń kán tó, tó, tó létí rẹ̀. Caroline gbé e súnmọ́ imú. Ó mọ òórùn náà. Bí Nehemiah ṣe máa ń rùn nìyẹn bó bá ti ojú omi dé, kí ó tó pààrọ̀ aṣọ.

"Ìyàwó wa." Oríyọmí ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ti tán ní ohùn rẹ̀.

"Ọkọ mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ fún ọ."

"Kí ni?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó lọ. O wà nídìí iná nígbà náà. Ó ní Nehemiah wá dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì òun. Mo ní àìsàn ló ń dà á láàmú. Ó ní kí n fọwọ́ kan ilẹ̀ ibẹ̀." Oríyọmí wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Mo fọwọ́ kàn án. Ó tutù."

Caroline di etí tábìlì mú. "Ṣé ó sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀."

"Kí ló wí?"

Oríyọmí fi eteetí ìborùn bo ẹnu kí ó tó dáhùn. "Ó ní òtútù ń mú òun."

Ọdún mọ́kàndínlógún. Caroline ti rò pé ìfẹ́ lòun fi di ọmọ òun mú sáyé. Kò mọ̀ pé aṣọ tútù lòun ń dì mọ́ ọn lára.

"Fúnmbí."

"Mà."

"Gbé e wá sísàlẹ̀."

"Síbo, mà?"

"Sáàárín àwọn tó ti ṣáájú. Tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi. Ìyá yẹn fẹ́ràn rẹ̀."

"Màmá," ni Àràmídé wí, ó sì bú sẹ́kún. Caroline na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú láìwò ó.

Fúnmbí ṣe é. Orúkọ náà kúrò lókè, ó bọ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ gba bébà, ó kùn. Gbogbo wọn ń retí kí áàpù pa dé. Kò pa dé. Ojú ewé kẹta jáde pẹ̀lú orúkọ gbogbo ènìyàn, àwọn alààyè lókè, àwọn òkú nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò sì dúró mọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ jáde lọ bẹ́ẹ̀ títí igba ẹ̀dà fi pé.

Oríyọmí ló ń to ìwé náà jọ. Ó dúró lójijì, ó fi ìka kan ojú ewé kẹta, ó fi kan ti òmíràn, ó fi kan ti òmíràn. Bébà náà gbóná, ó sì gbẹ, àfi ìlà tí orúkọ Nehemiah wà. Ìlà yẹn tutù. Nínú èyí tó wà lókè ó tutù, nínú èyí tó wà lábẹ́ pátápátá náà ó tutù. Ó na ọ̀kan sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Caroline ti rí i. Kò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ojú òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà n kò ní dé ìdí ti Nehemiah. Nu ojú rẹ, Àràmídé, kí o pe bàbá rẹ. Sọ fún un kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ má tíì kó ṣọ́bìrì wọn lọ. Kí wọ́n gbẹ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá àgbà rẹ, ìwọ̀n àpótí aṣọ. Sọ fún un kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ sá aṣọ Nehemiah sínú oòrùn lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ó yí inú rẹ̀ síta, kí ó má sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú ilẹ̀ àfi tí ó bá gbẹ."