Oyún Aṣọ

"Mọ́mì, ẹ so ó le díẹ̀ sí i, ó ti ń já wálẹ̀."

Theresa tún ọ̀já fà mọ́ ikùn Tiwalọlá ọmọ rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì, búláòsì, yúnifọ́ọ̀mù nọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ ló dì síbẹ̀, àti bàtà.

"Bàtà yìí ń gún mi."

"Ẹsẹ̀ ọmọ nìyẹn," ìyá rẹ̀ ní. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Ọdún yẹn ni ọmọ kankan ò wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní iléèwé Imoru. Ẹ̀rù ba ìlú. Bàbá Akínyẹlé, olórí àwọn àgbà, pèpàdé. "Ẹni ọmọ sin ló bímọ," ó ní. "Àwọn ọmọbìnrin wa ń sá lọ. Ta ló máa sin wá? Èyí tí ò bá tíì lóyún, tó gbé báàgì dání, kí ọlọ́kadà kankan má gbé e o!" Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọlọ́kadà ti ń tú báàgì obìnrin ní ìkóríta bí ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, Mọ́ńdè ni iléèwé nọ́ọ̀sì tó gba Tiwalọlá ní Ọ̀wọ̀ máa wọlé. Bí kò bá dé, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀.

Prosper ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ rí i ní ìkóríta. "Tiwa, ibo nì..." Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ikùn. "Háà! Ta ló ṣiṣẹ́ ribiribi yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá, ọsibítù ni mò ń lọ."

Prosper fọn fèrè. "Ẹ wá wò ó o! Imoru ò ní parẹ́ mọ́!" Ọ̀fẹ́ ló gbé e, jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Bí wọ́n bá kó sí kòtò, á bẹ ikùn náà: "Má bínú, ọmọ mi."

Ní Ọ̀wọ̀, Tiwalọlá tú oyún sílẹ̀, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ní Imoru, oyún ń dàgbà: wọ́n gbà pé ó dúró sí Ọ̀wọ̀ kó lè bímọ sí ọsibítù. Wọ́n ń gbé iṣu wá fún Theresa. Wọ́n kan àga kékeré sí iléèwé, wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, Ọmọ́báyọ̀, sí i lára. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí Theresa lè jẹ́wọ́ òtítọ́.

Nígbà tó tó àsìkò ìbímọ, àwọn àgbà gbé abọ́ ìwẹ̀ ọmọ dé ẹnu géètì họ́sítẹ̀lì tí Tiwalọlá ń gbé ní Ọ̀wọ̀.

"Ọmọ wa dà?" Bàbá Akínyẹlé bi í.

Tiwalọlá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sọ́mọ. Aṣọ ni."

"Irọ́!" Prosper kígbe. "Mo gbé e! Ó ta mí nípàá lẹ́yìn!"

"Bàtà mi ni, bọ̀ọ̀dá."

Bàbá Akínyẹlé ò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn ló bani lẹ́rù jù. "O ti pa Ọmọ́báyọ̀."

Wọ́n padà sílé, wọ́n gbẹ́ sàréè kékeré sẹ́yìn ilé Theresa. Wọn ò rí nǹkan kan sin, síbẹ̀ wọ́n sunkún. Látìgbà náà, kò sọ́lọ́kadà tó ń gbé Theresa, kò sẹ́ni tó ń kí i. Tiwalọlá fẹ́ wá wò ó, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù: "Má wá o. Wọ́n ń ṣọ́ ọ ní ìkóríta."

Àwọn ọmọbìnrin tó kù ń gba inú oko kòkó sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó padà.

Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, irọ́ gbé Tiwalọlá jáde, ó sì ti ọ̀nà ilé mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú ló kọ́kọ́ dínà mọ́ òtítọ́. Ikùn obìnrin kì í ṣe oko ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọbìnrin wá bímọ sílé, kó jẹ́ kó lè jáde nílé lómìnira, kó sì jẹ́ kílé wù ú láti padà sí.