Ṣùkù Àgbàdo fún Láńlọ́ọ̀dù

Omi ń dà lójú ọmọbìnrin náà, imú rẹ̀ pọ́n bí ata rodo, ó gbé ológbò ńlá kan sínú apẹ̀rẹ̀ tòmátò, ó sì fà á mọ́ àyà bí abiyamọ ṣe ń fa ọmọ jòjòló mọ́ra. Bí Ọlábámijí Ṣóbọ̀wálé ṣe kọ́kọ́ rí Tiwalọlá nìyẹn, lẹ́nu ìsọ̀ tó ti ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Kétu. Àwọn tó ń kọjá rò pé àlùbọ́sà tí wọ́n ń já ní Mile 12 ló mú omi wá sójú rẹ̀. Bámijí ní tirẹ̀ rò pé ọkùnrin kan ló já a kulẹ̀, inú sì ti ń bí i sí ọkùnrin tí kò mọ̀ rí náà.

Ó fa áńkáṣíìfù yọ. "Aunty, ẹ má sunkún mọ́. Ẹni tó bá pa irú yín lẹ́kún, orí ẹ̀ ò pé."

Ọmọbìnrin náà gbà á, ó nu imú, ó wá wo ọ̀dọ́mọkùnrin adúmáadán tí ìyẹ̀fun àgbàdo bò lórí yìí. "Mi ò sunkún o. Mò ń sín ni. Ológbò mi ló..." Kò tíì sọ ọ́ tán tó tún fi sín. Ó sín títí apẹ̀rẹ̀ fi ń mì. Ológbò inú rẹ̀ kàn ń wo Bámijí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

"Ológbò tó ń mú yín sín lẹ tún gbé mọ́ àyà? Ẹ lé e lọ jàre!"

"Tí mo bá lé e lọ, ta ló kù fún mi?" ni ọmọbìnrin náà dáhùn, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Bámijí rí i pé òun ti sọ àsọjù. Kò mọ ohun tí àwa mọ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ tó wà létí odò, lẹ́bàá Owódé Onírin, ni Tiwalọlá ti dàgbà, ìyá rẹ̀ ló sì ń sin ológbò náà nítorí eku. Ìyá kú. Lẹ́yìn náà ni omi ya wọlé ní ìdájí ọjọ́ kan tí oorun wọ̀ ọ́ lára, ológbò yìí ló fi èékánná ha á lẹ́sẹ̀ títí tó fi jí. Omi kó àga lọ, ó kó aṣọ lọ, ó kó fọ́tò ìyá rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀, ológbò nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ó wá gba yàrá kan lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkòsí, níbi tó ti ń rán kọ́tìnì. Ìgbà yẹn ni wàhálà dé. Ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ológbò ti ń walẹ̀ yàgbẹ́. Lórí òkè, kò síbi tó fẹ́ lọ, ni Tiwalọlá bá ń da iyanrìn sínú abọ́ ńlá fún un. Bí ológbò bá ti fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn, eruku á sọ lálá, sísín tó ti máa ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ láti kékeré á sì di ogun. Ilé dókítà ẹranko ló ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọ́n sì ti gbà á nímọ̀ràn lójú ọ̀nà.

"Wọ́n ní lẹ́búlẹ́bú pákó dáa ju iyanrìn lọ," ó sọ fún Bámijí. "Wọ́n ní ẹ ń tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ."

"Ó wà dáadáa. Kí lorúkọ ọ̀gá yìí?"

"Láńlọ́ọ̀dù."

"Haa! Láńlọ́ọ̀dù kẹ̀?"

"Ẹ wo bó ṣe ń wò yín. Ṣé kò jọ ẹni tó ni Kétu?"

Bámijí rẹ́rìn-ín títí. Ọkàn rẹ̀ ti lọ pátápátá, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìfẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kó ṣe àṣìṣe. Kò bu lẹ́búlẹ́bú fún un bó ṣe ń bù ú fún àwọn oníbàárà yòókù. Ó gbé ajọ̀ jáde, ó jọ̀ ọ́, ó jọ̀ ọ́, títí ó fi kúnná bíi páúdà ọmọ tuntun. Èyí tó kúnná jù lọ ló dì fún ẹni tó wù ú. Tiwalọlá dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Loveth, ọmọbìnrin tí yàrá òun àti Tiwalọlá jọ kọjú síra, já wọ inú ìsọ̀ Bámijí bí ìjì. "Oga, na you sell that powder? Tiwa no fit breathe o! A ti gbé e lọ hospital!"

Bámijí fi ìsọ̀ sílẹ̀ láìtì í. Ó bá Tiwalọlá lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi nǹkan bò ó nímú tó fi ń fa oògùn símú, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Orí ìdúró ló wà tó ń bẹ̀bẹ̀, kò mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀ gan-an, ó bẹ nọ́ọ̀sì, ó bẹ dókítà, ó bẹ ògiri.

"Ṣé ọkọ ẹ nìyí?" Dókítà Fọlá bi aláìsàn.

Tiwalọlá ṣí nǹkan imú náà díẹ̀. "Rárá, ma. Òun ló fẹ́ pa mí." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, Bámijí sì rí ẹ̀rín náà.

Dókítà ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì. Ó ní eruku ni ọ̀tá Tiwalọlá àkọ́kọ́, lọ́fínńdà ni ìkejì. Ó ní irun ológbò náà ń bá a jà, ṣùgbọ́n oògùn lè kápá ìyẹn bí ológbò kò bá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. "Wá nǹkan tí kò ní eruku, tí kò ní òórùn, sínú abọ́ yẹn. Gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Má sì fọwọ́ ara ẹ palẹ̀ ẹ̀ mọ́ mọ́. Kí ẹlòmíì máa bá ẹ dà á nù."

"Èmi ni ẹlòmíì yẹn," ni Bámijí wí, kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu.

Báyìí ni ọkùnrin tó ní ìsọ̀ tirẹ̀ di ẹni tó ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ṣíbí oníhò lọ́wọ́, tó ń kó ìgbẹ́ ológbò sínú ọ̀rá. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tiwalọlá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á bo imú, á máa pàṣẹ. "Ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, Dádì Láńlọ́ọ̀dù. Igun yẹn ṣì kù."

"Ọ̀gá mi pọ̀ nílé yìí o," ni Bámijí á wí.

Wọ́n ń wá ohun tí wọ́n máa fi sínú abọ́. Bámijí ra iyanrìn òyìnbó tí wọ́n ṣe fún ológbò, tó wà nínú páálí aláràbarà, ṣé ohun tó bá wọ́n ló dáa. Lọ́fínńdà inú rẹ̀ kọlu Tiwalọlá láti ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gé ìwé ìròyìn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Láńlọ́ọ̀dù fi ṣeré, ó tú u ká gbogbo yàrá, ó sì lọ yàgbẹ́ sórí kọ́tìnì oníbàárà. Lọ́jọ́ yẹn, Tiwalọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ó ti sú òun.

Ọ̀nà ilé ni Bámijí wà, tó ń jẹ àgbàdo sísun, nígbà tí ojú rẹ̀ là. Ó wo ṣùkù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́, kò ní òórùn, ó sì máa ń fa omi mu. Ó kó ṣùkù àgbàdo jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sun ún, ó sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú, ó gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n má lọ̀ ọ́ kúnná. Ó wá tún gbé ajọ̀ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ohun tó bá ti kúnná ló dà nù. Wóró wóró tó kù lókè ajọ̀ ló gbé lọ sí Ìkòsí.

Láńlọ́ọ̀dù wọ inú abọ́, ó gbóòórùn, ó fi ẹsẹ̀ wà á. Eruku kò sọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣe tirẹ̀, ó bò ó, ó jáde bí ọba. Bámijí ń wo imú Tiwalọlá. Tiwalọlá ń wo ojú Bámijí. Kò sín.

"Mi ò sín!" ó pariwo, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Bámijí, mi ò sín!"

"Tiwa mi," Bámijí wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "mo fẹ́ràn ẹ. Mo fẹ́ máa gbé abọ́ yìí títí ayé."

"Ọkùnrin wo ló ń fi ìgbẹ́ ológbò dẹnu kọ obìnrin?" ni Tiwalọlá bi í. Ṣùgbọ́n kò tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn Bámijí.

Ọ̀rọ̀ náà dé Anthony, níbi tí ìyá Bámijí ń gbé. Màmá ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni pé ìgbẹ́ ológbò lò ń kó ní Ìkòsí? Ìwọ tí o kì í gbé àwo tí o fi jẹun kúrò nílẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, Mummy."

"Mi ò ní kó o má fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ mo gbọ́ pé àyà ń dùn ún, ó sì ń bá ológbò gbé." Ohùn Màmá lọ sílẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé àyà ló pa àbúrò mi, Abíọ́lá? Mo wà níbẹ̀. Mi ò tún fẹ́ wo irú ẹ̀ mọ́. Kó lé ológbò yẹn lọ, màá lọ tọrọ ẹ̀ fún ẹ. Bí kò bá lé e, ẹ má retí mi."

Nígbà tí Bámijí jíṣẹ́ yìí fún Tiwalọlá, kò sí eruku nínú yàrá, kò sì sí lọ́fínńdà. Ẹkún gidi ló sun. Ó ní ó máa dun òun dọ́kàn láti gbé ohun tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì, yóò sì tún dun òun láti pàdánù Bámijí. Bámijí ní òun ò ní fi ipá mú un yan ọ̀kan. Tiwalọlá nu ojú rẹ̀, ó ní òun fúnra òun máa lọ bá Màmá.

Àárọ̀ Sátidé ni, ọyẹ́ ti mú. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá dáhùn lẹ́nu lásán. Ọmọ tó bá lọ sílé ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà kì í káwọ́ gbera. Tiwalọlá wò yíká, ó rí ìgbálẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ kíkankíkan kí Màmá lè mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Eruku ọyẹ́ gbéra. Ó sín. Ó ń gbálẹ̀ lọ, ó ń sín, títí àyà rẹ̀ fi há tó fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

Màmá sáré jáde, ó gbá a mú, ó bá a wá oògùn afàsímú rẹ̀ nínú báàgì, ó dì í mú títí èémí rẹ̀ fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde dúró, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

"Níbo ni ológbò wà níbí?" ó béèrè.

"Kò sí, Mummy. Eruku ni."

Màmá jókòó tì í sórí ilẹ̀ lásán. "Kò sí ológbò nílé wa náà," ó wí. "Èlùbọ́ là ń tà. Abíọ́lá ló máa ń kù ú, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Gbogbo ayé ní àwọn ọ̀tá bàbá wa ló ń fún un lọ́rùn. Àwa fúnra wa la ń gbé ajọ̀ fún un." Ó bú sẹ́kún, Tiwalọlá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Nígbà tí Màmá dìde, ó ti di ẹlòmíràn. Ó pọn omi, ó wọ́n ọn sílẹ̀ láti igun dé igun, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Tiwalọlá, ó sì gbá ilẹ̀ tútù náà fúnra rẹ̀. Eruku kankan kò gbéra. "Tí mo bá tún rí ẹ kó o gbá ilẹ̀ gbígbẹ, èmi pẹ̀lú ẹ ni o. Ó yá, mú mi lọ kí Láńlọ́ọ̀dù yín."

Ní Ìkòsí, Màmá bẹ̀rẹ̀ wo abọ́ náà, ó fọwọ́ pa ṣùkù inú rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí. Ó rí wóró tó tú ká ẹ̀gbẹ́ abọ́, ó ní aṣọ tútù ni kí wọ́n máa fi nù ún, kí ẹnikẹ́ni má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Láńlọ́ọ̀dù rìn wá, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó ti gbà mí sílé," ni Màmá wí.

Ilé Uncle Bánjọ, àbúrò bàbá Tiwalọlá, ni wọ́n ti ṣe ìdána, àwọn ẹbí nìkan. Iṣu wà níbẹ̀, oyin wà níbẹ̀, èso láti ọjà Kétu kún apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, alága ìjókòó ní kí ìyàwó lọ mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù nínú ẹrù náà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Bíbélì tí wọ́n so òrùka mọ́ ni ìyàwó ń mú.

Tiwalọlá lọ, ó wá Bíbélì, kò tètè rí i. Ìgbà tó rí i, ó dúró gbagidi. Ẹnì kan ti gbé e sórí àpò kékeré kan tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù dì lẹ́nu, wóró ṣùkù àgbàdo sì ń yọ lójú ihò rẹ̀. Ó wẹ̀yìn. Bámijí gbọ́wọ́ sókè, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Màmá ń wo òrùlé.

Tiwalọlá fi apá méjèèjì gbé Bíbélì àti àpò náà pọ̀ mọ́ àyà.

"Ìyàwó, ohun kan ṣoṣo ni mo ní!" alága pariwo.

Màmá dìde. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ẹrù kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo dì í."

Ariwo ayọ̀ sọ. Bámijí fi òrùka sí i lọ́wọ́, omi sì ń dà lójú ìyàwó gẹ́gẹ́ bó ṣe ń dà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Ó fa áńkáṣíìfù yọ.

"Ṣé sísín ni?" ó bi í létí.

"Ẹkún ni," Tiwalọlá dáhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má gbàgbé o, ọkọ mi, abọ́ ń dúró dè yín nílé."