Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Yá Ojú Olùṣọ́ Lò

Jùnsú ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni àwòrán dúró. Òjò tó ń rọ̀ lé e lórí dúró pẹ̀lú, ẹ̀kán omi kọ̀ọ̀kan so rọ̀ sójú òfuurufú bí ìlẹ̀kẹ̀. Hárá tó dúró níwájú rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Àwọn ará Ayétuntun tó kún gbọ̀ngàn ìlú bámúbámú náà kò ṣẹ́jú. Wọ́n rò pé yóò tún máa lọ. Nígbà tó ṣe, ògiri tí wọ́n ń wò ṣú biribiri, ariwo ìjì yanrìn tó ń jà lókè sì wá hàn sí wọn létí. Ìjì ti wó Abọ́-Agbọ́hùn.

Abẹ́ ilẹ̀ Ìràwọ̀ Pupa ni Ayétuntun wà. Àwọn baba ńlá wọn ló fi ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì lọ gbẹ́lé sínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún bí òkété, nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ téèyàn lè mí lórí ilẹ̀ náà. Abọ́-Agbọ́hùn ni irin fífẹ̀ tí wọ́n gbé sórí òpó lókè, tó ń gba ohùn àti àwòrán tó bá ti ayé wá. Òun ló ń gbé ìkíni ẹbí wá. Òun náà ló ń gbé eré Kòríà wá. Òmíràn kò sì lè dé àfi bí ọkọ̀ bá gbé e wá, ọkọ̀ ò sì ní dé títí ọdún méjì.

Ẹni tí kò gbé Ayétuntun rí lè béèrè pé kí ni eré àwọn ará Kòríà fi jẹ́ ti ọmọ Yorùbá. Àwọn àgbà ìlú ní ìdáhùn. Wọ́n ní nínú eré yẹn, ọmọdé kì í fi ọwọ́ kan gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà; ẹ̀gbọ́n ní bí wọ́n ṣe ń pè é, àbúrò ní tirẹ̀; ìyá ọkọ kì í sì í jẹ́ kí ìyàwó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú eré náà ni àwọn ọmọ tí wọ́n bí sábẹ́ ilẹ̀ ti rí i pé kì í ṣe ìyá tiwọn nìkan ló ń ní kí wọ́n tẹrí ba. Ti àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀. Òjò ni wọ́n ń wò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òjò pa rí. Bí ọkùnrin bá ṣí agbòjò lé ọmọbìnrin lórí, tí òjò sì ń pa èjìká tirẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n sì fẹ́ràn bí ìfẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe é kánjú. Ó pẹ́ títí tí Hárá, tó ń tún bàtà ṣe, fi ń bá Jùnsú jà, dókítà eyín tó háyà yàrá lókè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nítorí ariwo òòlù, kí àwọn méjèèjì tó jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jẹun yẹn, àwọn ìyá àgbà ń dì mọ́ ara wọn bí ẹni pé ọmọ ilé ló rí ọkọ.

Mosúnmọ́lá, onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú, mọ ohun tí eré náà ṣe fún òun. Ó ti pẹ́ tí òun àti Ọlátẹ́jú, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ewébẹ̀, ti ń jókòó ti ara wọn nínú gbọ̀ngàn. Ọlátẹ́jú kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Hárá bá sunkún, á ti ọwọ́ bàpò, á na áńkáṣífì sí Mosúnmọ́lá láìwo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà. Gbogbo ohun tó tíì sọ nípa ìfẹ́ kò ju ìyẹn lọ, ó sì tó Mosúnmọ́lá.

Lẹ́yìn ìjì náà, ìlú dàrú díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń jọ dáná kan náà pín ìkòkò. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ dàgbà lu ara wọn nítorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá jẹun tán á wọ yàrá rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí obìnrin kan ní òun fẹ́ lọ ṣí ilẹ̀kùn òkè kí òun rí oòrùn, tí wọ́n sì fi agbára fà á padà, ẹ̀rù ba ìgbìmọ̀.

Ìgbà náà ni Mosúnmọ́lá gbé Apìtàn, ẹ̀rọ kan tó ń hun ìtàn, dé iwájú wọn. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ti wo gbogbo eré Kòríà tí ìlú fi pamọ́ látẹ̀yìn wá, ó ti mọ ohùn Hárá àti ìrìn Jùnsú, ó sì lè fúnra rẹ̀ hun apá mẹ́ta tó kù nínú ìtàn wọn, àwòrán àti ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fẹ́ ọpọlọ ńlá, ọpọlọ ńlá kan ṣoṣo ló sì wà ní Ayétuntun. Olùṣọ́-Èémí ni. Ẹ̀rọ yìí ló ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ gbogbo yàrá tọ̀sán tòru, tó ń ṣí fèrèsé èémí, tó ń pa á dé, tó sì ń pariwo bí afẹ́fẹ́ ibì kan bá fẹ́ bàjẹ́. Mosúnmọ́lá ń tọrọ ìdá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Gbọ̀ngàn àti yàrá ìsùn kò ní fara gbá a. Àwọn yàrá ẹ̀yìn nìkan, bí ilé ewébẹ̀ àti àká, ni ẹ̀rọ náà yóò máa yọjú sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, dípò kó máa wò wọ́n láìṣẹ́jú.

Bàbá Olúgbọ́dé dìde. Òun ni olórí àwọn tó ń tọ́jú afẹ́fẹ́, òun sì ni bàbá Ọlátẹ́jú. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè.

“Mosúnmọ́lá, ọmọ mi, mi ò sọ pé eré yẹn ò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó máa ṣọ́lé, a kì í tún ní kó wá fi ojú kan wòran.”

Mosúnmọ́lá fèsì pé òun ti dán an wò, ewu rẹ̀ kéré.

“Èémí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó lọ,” ni bàbá náà wí.

Màmá Arínọlá, alága ìgbìmọ̀, ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní ìbànújẹ́ náà ń pani, pé obìnrin tí wọ́n fà padà lẹ́nu ilẹ̀kùn òkè kò ṣaláìrí afẹ́fẹ́, ìdí tí yóò fi máa mí ni kò rí. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá Olúgbọ́dé kò bínú. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí àwọn yòókù bá ń wòran, òun yóò máa fi ẹsẹ̀ òun rìn yí àwọn yàrá ẹ̀yìn ká, pẹ̀lú òṣùwọ̀n-èémí lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó máa ń dún bí kòkòrò bí afẹ́fẹ́ bá burú.

Apá kìn-ín-ní dùn. Ìkejì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rín padà sí ìlú. Àwọn tó pín ìkòkò tún ń bu iyọ̀ fún ara wọn, kí wọ́n lè rí ẹni bá jiyàn bóyá ìyá Jùnsú yóò gba Hárá. Mosúnmọ́lá tó ń jókòó ti Apìtàn níwájú rí nǹkan kan tí ẹlòmíì kò rí. Bí Bàbá Olúgbọ́dé bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó máa ń dúró, á na ọrùn wo ògiri, á wá mirí, á sì wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ apá tó kẹ́yìn, Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó lónìí. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sinmi. Èmi fúnra mi á máa wo iná ìkìlọ̀ tó wà lára Apìtàn.”

Ọlátẹ́jú náà ti bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án. Ó ní òun kò ní wòran lálẹ́ yẹn, òun yóò wà nílé ewébẹ̀, kò sì sídìí tí bàbá òun fi gbọdọ̀ tún rìn débẹ̀. Ó wá sọ fún Mosúnmọ́lá pé bí eré bá ti parí, kó wá bá òun. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Bàbá Olúgbọ́dé rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ó gbé òṣùwọ̀n-èémí lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ni ìyá ọmọbìnrin yìí, kí ló dé tí dókítà yìí ń fi ojú burúkú wo bàtà.

Eré ń lọ. Hárá ti palẹ̀ ẹrù mọ́, ó fẹ́ fi ìlú sílẹ̀. Jùnsú ń sáré bọ̀ nínú òjò. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú gbọ̀ngàn. Ìgbà náà ni iná kékeré tó dúró fún ilé ewébẹ̀ lára Apìtàn tàn ní àwọ̀ ọsàn.

Mosúnmọ́lá dìde, ó na ọwọ́ sí wáyà tó so Apìtàn mọ́ Olùṣọ́-Èémí. Màmá Arínọlá tó jókòó tì í di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́.

“Jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ọmọ mi. Iná yẹn tàn lánàá náà.”

Òótọ́ ni. Ó tàn lánàá, ooru omi lásán ni. Mosúnmọ́lá wo iná, ó wo ògiri. Jùnsú ti dé ọ̀dọ̀ Hárá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ti la ẹnu. Mosúnmọ́lá jókòó.

“Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ,” ni Jùnsú wí. “Mo fẹ́ máa bá ẹ jẹun lójoojúmọ́ ni.”

Gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná kékeré náà di pupa.

Mosúnmọ́lá fa wáyà yọ. Ògiri ṣú. Àwọn èèyàn kérora, ẹnì kan tilẹ̀ bú u. Ojú Olùṣọ́-Èémí wá pé padà, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ìlú kan: “Èémí ti bàjẹ́ nílé ewébẹ̀. Ènìyàn kan wà nínú rẹ̀.”

Bàbá Olúgbọ́dé ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí ohùn náà tó dákẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń ro ó kò dí i lọ́wọ́ mọ́. Mosúnmọ́lá sáré tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró náà kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn dígí, wọ́n rí Ọlátẹ́jú nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ láàárín àwọn ebè ẹ̀fọ́, omi sì ń rọ̀ lé e lórí láti òkè.

Ọlátẹ́jú ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ lu ihò sára páìpù omi tó gba òkè ilé náà kọjá, kí omi lè máa rọ̀ bí òjò. Ohun tó fẹ́ kí Mosúnmọ́lá bá nìyẹn. Kò mọ̀ pé omi náà yóò ṣàn bọ́ sínú fáànù tó ń fa èéfín ewé jíjẹrà síta láti inú kòtò. Fáànù kú. Èéfín tí kò lóòórùn, tó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í kún láti ilẹ̀ bọ̀ wá sókè, ojú tí ì bá sì rí i kíákíá ń bẹ lọ́dọ̀ Hárá àti Jùnsú.

Àpò-èémí, tí wọ́n máa ń gbé kọ́ imú wọ irú ibẹ̀, wà nínú yàrá kejì. Mosúnmọ́lá yí padà láti lọ mú un.

“Bàbá, ẹ dúró dè mí. Ẹ má wọlé.”

Bàbá náà ti gbá ilẹ̀kùn mú. Ó fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi ga, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì wọlé.

Nígbà tí Mosúnmọ́lá padà dé pẹ̀lú àpò méjì, Ọlátẹ́jú ti wà lójú ìloro, orí rẹ̀ níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó fi iwájú orí ti ẹsẹ̀ ọmọ náà bí ẹni tó ṣì ń tì í. Àwọn tó sáré dé fà wọ́n jáde. Ọlátẹ́jú wúkọ́. Bàbá Olúgbọ́dé kò wúkọ́. Wọ́n fi àpò-èémí sí i nímú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà títí apá wọn fi kú. Nínú ilé ewébẹ̀, omi ṣì ń rọ̀ sórí agbòjò kan tí Ọlátẹ́jú fi ike àti wáyà rán, tó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ebè.

Ọlátẹ́jú kò lajú lọ́jọ́ kejì, kò lajú lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n sin bàbá rẹ̀ kó tó jí. Màmá Arínọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń wo ọwọ́ tó fi di Mosúnmọ́lá mú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ eré náà. Mosúnmọ́lá tú Apìtàn palẹ̀, ó dá gbogbo ọpọlọ Olùṣọ́-Èémí padà fún un. Ó wá mú òṣùwọ̀n-èémí tí bàbá náà fi sílẹ̀ lórí àga, ó sì ń rìn yí àwọn yàrá ẹ̀yìn ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rìn tán, á lọ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì Ọlátẹ́jú.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Ọlátẹ́jú lajú. Dókítà ti sọ fún un pé ara ọkùnrin náà kò tíì lè gba ọ̀rọ̀ wúwo. Ọlátẹ́jú wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ń wá ohùn.

“Ṣé Jùnsú sọ ọ́?”

“Ó sọ ọ́,” ni Mosúnmọ́lá dáhùn.

Ọlátẹ́jú fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ kò gbà fún un. Ó sinmi. Ó wá ní òun mọ̀ pé bàbá òun yóò ṣe bí ẹni tí kò gbádùn rẹ̀.

“Ṣé Bàbá wò ó dé òpin?”

Mosúnmọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

“Bàbá dìde kó tó parí,” ló wí.

Ọlátẹ́jú ń wò ó lójú. Ó dúró kó sọ ìyókù. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí òṣùwọ̀n-èémí bàbá rẹ̀ tó wà lórí itan Mosúnmọ́lá, ó sì mọ̀.